Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Pọ́ǹpù Omi Ọkọ̀ Fẹ́ Kú



 Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹ̀kọ́ kan ni a máa ń fi sínú ìwé ìròyìn yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn ẹgbẹ́ lè kà á ní ìpàdé, kí wọ́n sì jíròrò lé e lórí. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìṣirò èlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ òfin ẹgbẹ́. Ohun èlò kékeré kan tí ọwọ́ kan lè gbé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí nì pọ́ǹpù omi tí ń bẹ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, “Kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì?” Ó kàn wá gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó ń fi owó tí wọ́n yá ra takisí, bọ́ọ̀sì akérò tàbí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kòkó, gaàrí àti ajílẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ sójú ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Owó tí a yá a kò ní wọlé mọ́, àwọn onídùúró yóò bẹ̀rẹ̀ sí san gbèsè tí wọn kò jẹ, ẹlòmíràn tí ó sì ti ń retí àtiyá owó yóò tún máa retí.

Ohun tí ojú wa rí

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó, ó fi ra bọ́ọ̀sì akérò. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni ó dúró fún un. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń san owó rẹ̀ láìyẹ ọjọ́. Nígbà tí ó yá, ó ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ máa ń tutù lábẹ́ imú bọ́ọ̀sì náà bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kò kà á sí. Ó ra kẹ́ẹ̀gì oní-lítà mẹ́wàá, ó ń pọn omi sínú rẹ̀, ó sì ń bu omi sí rédíétọ̀ ní àràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Kọndọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ń ké. Ó dáhùn pé bẹ́líìtì ni. Ní ọjọ́ ọjà kan tí èrò kún inú bọ́ọ̀sì bámúbámú, ọwọ́ géèjì gòkè lójú ọ̀nà. Ó ní kí òun ṣáà rọ́jú dé ìlú tí ó kàn. Kò dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́, písítìnì sì ti há mọ́ inú sìlíńdà.

Owó tí ì bá fi ra pọ́ǹpù tuntun kò tó ohun tí ó ń pa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì tí ó wá rà kó gbogbo ohun tí ó ti fi pamọ́ lọ, ó sì tún jẹ gbèsè mìíràn lé e. Oṣù márùn-ún ni àwọn onídùúró méjèèjì fi san owó fún un. Ọ̀kan nínú wọn ti ya owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Owó yẹn ni ó kó sílẹ̀. Lónìí, arákùnrin tí ó ni bọ́ọ̀sì ti san gbogbo gbèsè náà tán, ó sì ti dá owó àwọn onídùúró rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n onídùúró kan yẹn kò dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí ni ó dùn wá jù. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, bí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fọkàn tán ara wọn ni iṣẹ́ wa fi ń lọ. Ihò tí kò tó orí ìka ni ìfọkàntán náà gbà jò lọ.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Pọ́ǹpù omi kì í sábà kú lójijì. A máa sọ tẹ́lẹ̀, a máa pè wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá mọ ohùn rẹ̀ ni yóò gbọ́.

Iṣẹ́ tí pọ́ǹpù omi ń ṣe

Pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì tí ń jó nínú sìlíńdà máa ń mú ooru tí ó ju ìwọ̀n Celsius 2,000 lọ jáde ní àsìkò tí ó bá gbiná. Bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, máa ń yọ́ bí ooru bá tó ìwọ̀n 660. Kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná, omi gbọ́dọ̀ máa gbé ooru kúrò lára irin láìdúró. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tí epo ń mú jáde ni omi yìí ń gbé lọ.

Pọ́ǹpù omi ni ó ń ti omi náà káàkiri. Ó ń gba omi tí ó ti tutù láti inú rédíétọ̀, ó ń tì í wọ inú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Omi yóò gba àyíká àwọn sìlíńdà kọjá, yóò gba orí ẹ́ńjìnnì, yóò sì padà sínú rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè mú un tutù. Ohun kékeré kan tí a ń pè ní tẹmọ́sítáàtì ni ó ń ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò ti ilẹ̀kùn. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 88, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Bí ọkàn ti ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ǹpù ṣe rí fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀jẹ̀ lè pé nínú ara. Bí ọkàn kò bá lù, òfo ni.

Ẹnìkan lè wí pé òun mọ ọkọ̀ tí kò ní pọ́ǹpù omi. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ Model T ní ọdún 1908, nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́ ni ó ní pọ́ǹpù omi. Láti ọdún 1909 wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi í sílẹ̀ kí omi gbígbóná máa gòkè fúnra rẹ̀, kí omi tútù sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kò lágbára púpọ̀, ìyẹn sì tó o. Bákan náà, Volkswagen Beetle, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọkọ̀ ìjàpá, kò lo omi rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ní pọ́ǹpù omi, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo bọ́ọ̀sì àti takisí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń fi epo wà lónìí.

Ohun tí ó wà lára pọ́ǹpù

Ó yẹ kí á mọ ẹ̀yà ara rẹ̀, kí á lè mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń wí. Ní ìta, púlì kan wà tí bẹ́líìtì ń yí. Púlì yìí wà ní orí ọ̀pá irin kan. Ọ̀pá náà gba inú bẹ́árìnì kọjá, bẹ́árìnì ni ó jẹ́ kí ó lè yí geere láìmì. Ní ìkángun kejì tí ń bẹ nínú omi, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà tí ń ti omi síwájú. Láàrin bẹ́árìnì àti omi, síìlì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò jáde.

Àwọn tí ó ṣe pọ́ǹpù mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, láàrin síìlì àti bẹ́árìnì. Ihò yìí kì í ṣe àbùkù. Bí síìlì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ibẹ̀ ni omi yóò gbà sun jáde, kí ó má baà wọ inú bẹ́árìnì. Àwa máa ń pè é ní ihò olófòófó, nítorí pé òun ni ó ń tú àṣírí síìlì. Ẹni tí ó bá fi gọ́ọ̀mù dí i, ẹnu ẹlẹ́rìí ni ó dí.

Àwọn àmì tí a óò máa ṣọ́

Àmì kìíní: omi ń dín. Rédíétọ̀ tí ara rẹ̀ le kì í béèrè omi lójoojúmọ́. Bí a bá ní láti máa bu omi sí i ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, omi ń jò ní ibì kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì omi di ara ohun èlò ọkọ̀ yín.

Àmì kejì: ilẹ̀ ń tutù lábẹ́ imú ọkọ̀. Ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì ní alẹ́, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀. Omi tí ń kán láti ara ẹ́míkọ́ńdísọ̀n mọ́ gaara, kò ní àwọ̀, kò sì léwu. Omi ẹ́ńjìnnì tí ó ní kúláǹtì nínú a máa ní àwọ̀ ewé, pupa, olómi ọsàn tàbí búlúù, a sì máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ní ọwọ́. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ dúdú, ó sì ki.

Àmì kẹta: èérí gbígbẹ ní ẹnu ihò olófòófó. Nígbà mìíràn omi náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dé ilẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì yóò gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n yóò fi ipa sílẹ̀, bí iyọ̀ funfun tàbí bí àwọ̀ kúláǹtì tí ó gbẹ mọ́ ara irin. Ibi tí omi bá ti sun nìgbà kan lásán nígbà tí pọ́ǹpù ṣì tuntun kò burú. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Àmì kẹrin: ariwo. Bẹ́árìnì tí ó ti jẹ yóò máa ké tààrà bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i, tàbí kí ó máa rọ́ bí ìgbà tí a ń lọ nǹkan gbígbẹ lórí ọlọ. Bẹ́líìtì tí ó dẹ̀ náà a máa ké, nítorí náà ẹ má ṣe dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí inú bẹ́líìtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti òkèèrè, kí ọwọ́ má sún mọ́ ọn. Bí igbe náà bá dá fún ìgbà díẹ̀, bẹ́líìtì ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí kò bá yí padà, bẹ́árìnì kan ni, ti pọ́ǹpù tàbí ti ohun mìíràn tí bẹ́líìtì ń yí.

Àmì karùn-ún: púlì ń mì. Púlì tí ó dára ń yí ní ojú kan náà. Bí ẹ bá rí i tí ó ń já síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́árìnì ti jẹ. Irú èyí ni ó léwu jù, nítorí pé ọ̀pá lè ṣẹ́ lójijì, abẹ̀bẹ̀ fáànù tí ó wà lórí púlì nínú àwọn ọkọ̀ kan sì lè fò gún rédíétọ̀.

Àmì kẹfà: bẹ́líìtì ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ó ń já léraléra. Bí a bá pààrọ̀ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù díẹ̀, kí á má ṣe dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi kí á tó wo àwọn púlì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí pọ́ǹpù omi àti ọ́tánétọ̀ tí ń fi iná sí bátìrì. Bí iná bátìrì bá tàn, tí ooru sì ń gòkè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì ti já tàbí ó ti yọ. Kí á dúró lójú ẹsẹ̀.

Àmì keje: ọwọ́ géèjì ń gòkè. Bí ọwọ́ géèjì bá ti máa ń dúró ní àárín láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀, tí ó wá ń kọjá ibẹ̀ nígbà tí a bá ń gun òkè tàbí tí a bá kó ẹrù, kí á má ṣe wí pé oòrùn ni. Oòrùn ti ń ràn ṣáájú kí á tó ra ọkọ̀ náà.

Àmì kẹjọ: omi rédíétọ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Èyí fi hàn pé inú ẹ́ńjìnnì ń dípẹtà. Ìdípẹtà a máa jẹ abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù, a sì máa gé síìlì bí iyanrìn. Ẹ fi àmì yìí sọ́kàn, nítorí pé pọ́ǹpù tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán kì í jò, kì í ké, kì í sì í mì. Ní ìta, ara rẹ̀ yá. Nínú, kò ti omi mọ́. Àwọn pọ́ǹpù kan sì wà tí abẹ̀bẹ̀ wọn jẹ́ oníke, èyí tí ó lè là tàbí kí ó tú lórí ọ̀pá.

Kí á má ṣe dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ń gbóná ni pọ́ǹpù rẹ̀ bàjẹ́. A ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, tí ó tún pààrọ̀ rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti gé ni ó ń dà á láàmú. Ìdérí yìí ni ó ń há ipá mọ́ inú omi tí omi fi lè kọjá ìwọ̀n 100 láìhó. Bí ó bá ti dẹ̀, omi yóò hó kí ó tó yẹ.

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, tí ó sì ń tutù bí ó bá ti ń sáré, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù. Bí ó bá ń gbóná nígbà tí a ń sáré tàbí tí a ń gun òkè, ẹ wo pọ́ǹpù, ẹ sì wò ó bóyá rédíétọ̀ ti dí. Bí géèjì bá ti gòkè ṣùgbọ́n tí rédíétọ̀ ṣì tutù, omi kò yí. Tẹmọ́sítáàtì ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí owó rẹ̀ kéré. Kí mẹkáníìkì yọ ọ́, kí ó sọ ọ́ sínú omi tí ó wà lórí iná. Bí omi bá hó tí kò sì ṣí, ó ti kú. Ṣùgbọ́n kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ sọnù pátápátá, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Èyí kò tọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bí ó ti yẹ a máa jẹ epo, a sì máa tètè gbó.

Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó kùtùkùtù bí ọṣẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí èéfín funfun ń jáde nídìí ọkọ̀ láìdá, tí ọ́ìlì sì dà bí kókó oní-mílíìkì, ọ̀rọ̀ ti kọjá pọ́ǹpù. Tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó nìyẹn.

Bí a ṣe ń yẹ pọ́ǹpù wò fúnra wa

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, kí á tó sún ọkọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí á yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Kí á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí á wo bí omi ti tó nínú ike rẹ̀ àti nínú rédíétọ̀. Kí á fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ pọ́ǹpù àti àwọn họ́ọ̀sì. Kí á fi ọwọ́ méjèèjì mú púlì rẹ̀, kí á mì í síwá sẹ́yìn, sókè sódò. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Bí ó bá mì, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ wá mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn èyí, kí á sún ẹ́ńjìnnì, kí á sì tẹ́tí. Ẹni tí ó bá wọ agbádá, tí ó ró aṣọ tàbí tí ó gbé ìborùn kọ́ ọrùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí. Fáànù tí ń lo iná lè bẹ̀rẹ̀ sí yí nígbà tí a kò retí rẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, a kò lè rí pọ́ǹpù láti òde, nítorí pé táímìn bẹ́líìtì tí ó wà nínú ìdérí ni ó ń yí i. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà kan tí ó wà nínú àwọn Toyota Camry àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní 1MZ, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Fún irú èyí, omi tí ń dín, ariwo àti géèjì ni ẹlẹ́rìí wa. Nígbà tí a bá sì ń pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì, ó dára kí á pààrọ̀ pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé iṣẹ́ títú kan náà ni méjèèjì.

Bí ọkọ̀ bá hó lójú ọ̀nà

Kí á pa ẹ́míkọ́ńdísọ̀n, kí á yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí á sì pa ẹ́ńjìnnì. Kí á sọ àwọn èrò kalẹ̀. Kí á dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹni tí ó bá ní kí òun rọ́jú dé ìlú tí ó kàn, ẹ rán an létí bọ́ọ̀sì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi tí ń bẹ nínú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n 100. Ipá ìdérí nìkan ni kò jẹ́ kí ó hó. Bí a bá ti ṣí i, yóò tú jáde sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí á da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí á sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Kí á má fi epo pupa, ẹyin tàbí ògì pa á.

Bákan náà, kí á má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ń hó. Irin gbígbóná tí ó pàdé omi tútù lójijì lè là. Nígbà tí ó bá tutù tán, kí á bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi náà bá ń tú jáde láti ara pọ́ǹpù, kí á wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Owó ìwọ́kọ̀ kò tó owó ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Pọ́ǹpù tókunbọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ iye ọdún tí síìlì rẹ̀ ti lò. Kí á ra tuntun tí ó bá irú ẹ́ńjìnnì wa mu. Kí á gbé ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí á fi wọ́n wéra. Kí á fi ọwọ́ yí púlì rẹ̀ kí á tó sanwó: kí ó yí geere, kí ó má mì, kí ó má sì rọ́.

Kí mẹkáníìkì há gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò mọ́ tónítóní, kí ó fi tuntun sí i. Kí ó fi omi fọ ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì jáde, nítorí pé ìdípẹtà tí ó pa ti àkọ́kọ́ yóò pa èyí náà. Kí á wo bẹ́líìtì àti tẹmọ́sítáàtì ní àkókò kan náà. Lẹ́yìn tí a bá ti da omi sí i, kí á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tán kí á tó dé e. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ẹ́ńjìnnì lè mú un gbóná bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan.

Kúláǹtì ni kí á lò, kì í ṣe omi kànga. Àwọn kan rò pé nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Òtítọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi dì, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí irin dípẹtà pẹ̀lú, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ti àpòpọ̀ ni kí á rà, tàbí kí á pò ó mọ́ omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba oruku rẹ̀, irú èyí tí a ń bù sí bátìrì. Kí á má ṣe po kúláǹtì oríṣi méjì pọ̀. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ pé wọ́n bára mu.

Ìmọ̀ràn fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́

Lẹ́yìn ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹgbẹ́ wa fi ohun mẹ́ta kún ọ̀nà tí a fi ń yáni lówó ọkọ̀. Kìíní, mẹkáníìkì tí ìgbìmọ̀ yàn ni yóò yẹ ọkọ̀ wò kí á tó san owó rẹ̀. Ìkejì, ẹni tí ó yáwó yóò ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ yóò máa kọ bí omi àti ọ́ìlì ti tó sí ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi tí a bá bù sí i, kí ó kọ ọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé a bu omi ní ìgbà mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò títí tí a ó fi mọ ibi tí omi ń bá lọ. Ìkẹta, olówó ọkọ̀ yóò máa fi owó díẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún àtúnṣe, yàtọ̀ sí owó ìfipamọ́ rẹ̀.

A sì fẹ́ kí àwọn onídùúró mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé yìí nígbàkígbà. Kì í ṣe àìfọkàntán. Ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọkọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bí ara ọkọ̀ ti rí. Kí olówó ọkọ̀ náà má sì ṣe bínú bí ọmọ kọndọ́ bá sọ pé òun gbọ́ ariwo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ni iṣẹ́ ihò kékeré tí ó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi? Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ dí i?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin igbe bẹ́líìtì àti igbe bẹ́árìnì?
3. Ọkọ̀ kan ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan. Kí ni kí á kọ́kọ́ wò?
4. Pọ́ǹpù kan kò jò, kò ké, kò sì mì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Ṣé ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù náà ti bàjẹ́? Ẹ ṣàlàyé.
5. Ọkọ̀ mélòó ni ọmọ ẹgbẹ́ yín fi owó ẹgbẹ́ rà? Ta ni ó yẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn, nígbà wo sì ni?
6. Bí ẹ bá jẹ́ onídùúró fún olówó bọ́ọ̀sì tí a sọ ìtàn rẹ̀, kí ni ẹ̀ bá ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tutù lábẹ́ ọkọ̀?

A rọ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn awakọ̀ pẹ̀lú, àní àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ọkọ̀ wà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kí olúkúlùkù tí ó ní ọkọ̀ tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ó bá gbẹ ní òwúrọ̀, kí á dúpẹ́. Bí ó bá tutù, kí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni, kì í ṣe ti oṣù tí ń bọ̀.

 Ọkọ̀ wa kò ní dá wa sójú ọ̀nà.